Bí A Ṣe Ń Ṣe IT ní Ẹ̀ka Tó Ń Darí Iṣẹ́ Páìpù ní Ilé Iṣẹ́ Omi l'Ékòó

Akẹ́kọ̀ọ́ injiníà tí wọ́n bá gbà fún IT (iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ níta ilé ìwé) sí ẹ̀ka Projects, ẹ̀ka tó ń darí iṣẹ́ páìpù, ní ilé iṣẹ́ omi máa ń rò pé ìdí kọ̀ǹpútà lòun máa wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, inú kòtò ló ti wá: iye mítà páìpù tí wọ́n tò lónìí, bí kòtò ṣe jìn tó, ìdí tí fáàfù tí wọ́n fi ń ṣí omi tàbí tì í kò fi tíì dé. Ẹni tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn nǹkan kò ní mọ ìgbà tí ìwé bá ń parọ́. Ohun tí IT yìí wà fún gan-an nìyẹn: kí ohun tó wà nínú ìwé àti ohun tó wà nínú ilẹ̀ bára mu.

Bí o ṣe máa rí ààyè

Ní yunifásítì, oṣù 6 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ injiníà fi ń ṣe IT nígbà tí wọ́n bá wà ní 400 level. Àwọn ND ní pólì ń ṣe oṣù 4. SIWES lorúkọ ètò náà, ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó kíkọ́ iṣẹ́, ló dá a sílẹ̀ ní 1973. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé ìwé rẹ, kí o sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un káàkiri nígbà tó bá ku nǹkan bí oṣù 3. Lagos Water Corporation nìkan kọ́ ló wà o. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń to páìpù, àwọn ọ́fíìsì injiníà tó ń yàwòrán iṣẹ́ omi, àti àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ omi inú estate ní Lẹ́kí àti Ajah, gbogbo wọn ló ní iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́. Kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé ẹ̀ka Projects lo fẹ́. Bí o bá kọ "IT" lásán, ibi tí wọ́n bá ti rí àga òfìfo ni wọ́n máa fi ọ́ sí, ó sì lè jẹ́ stóò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà ọ́, gba ìwé tó ní òǹtẹ̀ wọn, kí o sì tètè dá fọ́ọ̀mù SCAF, èyí tó fi hàn pé o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, padà fún ITF. Má fọkàn sí owó oṣù rárá. Ṣírò owó ọkọ̀ rẹ kí o tó sọ pé o gbà: ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tí sáìtì rẹ̀ wà ní Lẹ́kí gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun tí wàá máa gbé dání kò pọ̀: téépù mítà 5 àti ti mítà 50, ìwé pélébé tó ní èèpo líle, bírò méjì, ṣọ́ọ̀kì, bàtà tó ní irin níwájú, akoto àti fẹ́ẹ̀sì tó ń tàn yanran. Fóònù wà fún fọ́tò, ṣùgbọ́n má fi fóònù rọ́pò ìwé. Tí omi bá wọ ọ́ tàbí tí iná bá tán lára rẹ̀, ọjọ́ yẹn ti ṣòfò.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ka ìwé iṣẹ́

Kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń bọ̀. Odò Ògùn, ní Akute, ni wọ́n ti ń fa omi lọ sí Adiyan àti Iju, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di mímọ́. 70 MGD ni wọ́n kọ́ Adiyan fún, 45 MGD ni Iju. MGD ni mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lóòjọ́, gálọ́ọ̀nù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń lò, lítà 4.546, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà tó jẹ́ lítà 3.785. Nítorí náà, 70 MGD jẹ́ nǹkan bíi 318,000 mítà onígun lóòjọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń fi ti Amẹ́ríkà ṣírò fún akẹ́kọ̀ọ́, èsì rẹ̀ á sì fi nǹkan bí 17 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Àṣìṣe báyìí kì í pa ẹnì kan lára nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n fi ń yan páìpù, ó lè mú kí wọ́n ra páìpù tó kéré jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, béèrè fún ìwé mẹ́rin: ìwé àdéhùn, BEME (ìwé tó to iye àti owó gbogbo ohun tí iṣẹ́ máa gbà), àwòrán, àti ètò iṣẹ́. Nínú ìwé àdéhùn, wá ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹ kó parí, owó tí wọ́n máa dá dúró títí iṣẹ́ á fi pé, àti ẹni tó láṣẹ láti fọwọ́ sí àyípadà. Ti ẹni tó láṣẹ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Tí ọ̀gá kan bá dé sáìtì tó ní kí wọ́n gbé páìpù gba òdìkejì títì, tí kò sí ìwé, agbaṣẹ́ṣe á ṣe é, á sì béèrè owó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àríyànjiyàn dé nìyẹn. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o kọ ọjọ́, aago, ẹni tó sọ ọ́ àti ohun tó sọ, kí o fi han ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ náà gan-an.

BEME ni kí o kà jù. Fi àwòrán wé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ka iye fáàfù tó wà nínú àwòrán, kí o wò ó bóyá iye kan náà ni BEME kọ. Ibi tí wọn kò bá ti dọ́gba, sàmì sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí fáàfù méjì tí wọ́n gbàgbé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti wúlò ju ẹni tó ṣe fọ́tókọ́pì fún oṣù kan gbáko.

Lórí sáìtì

Kí o tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, kí wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi." Àwọn tó ń gbẹ́ kòtò ti ń to páìpù kí o tó wọ yunifásítì, ọ̀pọ̀ wọn ló sì lè fi etí lásán mọ̀ bóyá rọ́bà ojú ìsopọ̀ páìpù ti wọlé dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ẹnu téépù mú" ni wàá sọ, wọ́n á sì bá ọ dì í mú. Ní ti fóòmàn, Bàbá tàbí Ọ̀gá lo máa pè é, má pe orúkọ rẹ̀ lásán. Àwọn ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì náà, má fojú kéré wọn: "Ẹ kú ọjà o, Màámi. Tí òjò bá rọ̀, ibo ni omi máa ń dúró sí ní àdúgbò yìí?" Ìdáhùn yẹn kò sí nínú àwòrán kankan.

Kí wọ́n tó gbẹ́ kòtò gidi, wọ́n ní láti gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, kì í ṣe katapílà, wọ́n á sì gbẹ́ ẹ kọjá lórí ìlà tí páìpù máa gbà, ní gbogbo oríta àti ní ààrin ibi tó bá gùn. Ohun tí o bá rí níbẹ̀, wáyà iná, fiber (wáyà íntánẹ́ẹ̀tì), páìpù àtijọ́, kọ bó ṣe jìn tó, bó ṣe jìnnà sí etí títì tó, àti bó ṣe tóbi tó. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Ẹbúté Mẹ́ta àti Yábàá, ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ pọ̀ ju ohun tó wà nínú ìwé lọ. Katapílà tó bá já wáyà iná lè pa awakọ̀ rẹ̀. Tó bá já fiber, iṣẹ́ á dúró, gbèsè á sì wọlé.

Bí wọ́n bá ti ń to páìpù, nǹkan mẹ́rin ni kí o wọn lójoojúmọ́. Àkọ́kọ́ ni gígùn. Má ka iye páìpù kí o wá fi 6 sọ ọ́ di púpọ̀. Páìpù uPVC (páìpù ike líle) mítà 6 máa ń wọ inú ara wọn níbi tí rọ́bà wà. Bí ìwọ̀n 12 sẹ̀ǹtímítà bá wọlé lójú kọ̀ọ̀kan, páìpù 50 kò ní jẹ́ mítà 300 mọ́, mítà 294 ni yóò jẹ́: odidi páìpù kan ti sọnù nínú ìṣirò. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ san owó ni ìyàtọ̀ yìí máa jáde.

Ìkejì ni jíjìn, láti ojú ilẹ̀ dé ẹ̀yìn páìpù. Lábẹ́ títì tí ọkọ̀ ń gbà, 90 sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n sábà máa ń béèrè, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nínú ìwé àdéhùn yín ni kí o tẹ̀ lé. Àwọn agbaṣẹ́ṣe fẹ́ràn láti dín in kù níbi tí ilẹ̀ bá le, ibẹ̀ náà sì ni tírélà máa ti fọ́ ọ. Ìkẹta ni iyanrìn abẹ́ páìpù, 10 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, tí kò ní òkúta. Òkúta kan ṣoṣo tó bá ràn mọ́ ìsàlẹ̀ páìpù á máa tì í lójoojúmọ́ tí ọkọ̀ bá ń kọjá, títí yóò fi là. Ìkẹrin ni fífẹ̀ kòtò.

Àpẹẹrẹ ìṣirò rè é. Kòtò tó gùn ní mítà 100, tó fẹ̀ ní 0.6, tó jìn ní 1.2: mítà onígun 72. Ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ máa ń wú tí wọ́n bá ti hú u jáde. Bó bá wú ní ìdá mẹ́rin, ó ti di 90, tí típà bá sì ń gbé 10, ó máa lọ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ìwọ̀n kòtò ni wọ́n ń san owó rẹ̀, kì í ṣe iye ìrìn típà. Ẹni tó bá fi ìrìn típà kọ ìwé ti fún agbaṣẹ́ṣe ní owó tí kì í ṣe tirẹ̀.

Omi abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀tá tó le jù ní Erékùṣù. Láti Ìkòyí títí dé Lẹ́kí, omi máa ń yọ kí kòtò tó jìn lọ títí, ìyanrìn ibẹ̀ á sì máa wó padà. Òde Àgége tàbí Ìkẹjà, níbi tí ilẹ̀ pupa wà, kò rí bẹ́ẹ̀. Wo páìpù tó ní ìwọ̀n 160 mílímítà tí kò tíì sí nǹkan nínú rẹ̀: tí omi bá bò ó, omi á máa fi agbára tó tó kílò 20 ti mítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sókè, páìpù fúnra rẹ̀ kò sì wúwo tó ìdajì ìyẹn. Ohun tó fà á nìyẹn tí páìpù tí wọ́n tò dáadáa ní ìrọ̀lẹ́ fi máa ń léfòó ní àárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ́yìn òjò, tí gbogbo ojú ìsopọ̀ á ti tú. Wò ó dájú pé wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ lé àárín páìpù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lọ sílé, kí wọ́n sì fi ìdérí dí ẹnu méjèèjì. Ẹrẹ̀, ọ̀rá àti ọ̀pọ̀lọ́ tó bá wọlé lálẹ́ kò rọrùn láti lé jáde lẹ́yìn náà.

Má wọ inú kòtò tó jìn ju mítà 1.2 lọ tí kò bá sí pákó tó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti àkàbà tí wàá fi jáde. Mítà onígun kan iyẹ̀pẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ tì í kúrò lórí ara rẹ̀. Bí fóòmàn bá ní kò sí ewu, sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òkè lo ti máa wọn ọ́n.

Owó àti ọjọ́

Ètò iṣẹ́ tí o bá rí nínú Microsoft Project tàbí Primavera dára lójú. Ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ gbígbẹ́ kòtò ló ń pẹ́. Àṣẹ LASIMRA (àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ohun amáyédẹrùn) àti ti gígé títì, fáàfù tó ń bọ̀ láti èbúté Àpápá, àti ohun tí kòtò àyẹ̀wò bá fi hàn ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Nítorí náà, gbé àwọn wọ̀nyí ka orí ìlà àkọ́kọ́ nínú ètò, kí o sì máa béèrè wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń to mítà 60 lóòjọ́, mítà 1,200 jẹ́ ọjọ́ 20. Ọjọ́ 20 yẹn kò sí ní oṣù Kẹfà l'Ékòó. Òjò ńlá máa ń wà láti oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, á sì tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Ẹni tó bá ka ọjọ́ òjò tó ti kọjá nínú ìwé sáìtì, tó fi kún ètò, ló ń sọ òtítọ́ fún ọ̀gá rẹ̀.

Ìṣirò tó wúlò jù fún àkọsílẹ̀ oṣooṣù ni ti PV (iye owó iṣẹ́ tó yẹ kó ti parí), EV (iye owó iṣẹ́ tó parí gan-an) àti AC (owó tó ti jáde). Ká ní iṣẹ́ ₦40 mílíọ̀nù ni, ètò sì sọ pé ó yẹ kí ìdajì ti parí lónìí: PV jẹ́ ₦20 mílíọ̀nù. O wọn ọ́n, o rí i pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló parí: EV jẹ́ ₦16 mílíọ̀nù. Owó tó ti jáde jẹ́ ₦18 mílíọ̀nù: AC nìyẹn. Pín EV pẹ̀lú PV, 0.8, iṣẹ́ ti fà sẹ́yìn. Pín EV pẹ̀lú AC, ó lé díẹ̀ ní 0.88, owó ń jáde ju iṣẹ́ lọ. Tó bá ń lọ báyìí, ₦45 mílíọ̀nù ni yóò gbà kó tó parí. Gbogbo rẹ̀ dá lórí ìdá 40 yẹn. Tí o bá gba ìdá náà lẹ́nu agbaṣẹ́ṣe láìwọn ọ́n, o kàn fi ìṣirò dídára ṣe ẹ̀ṣọ́ sí irọ́ ni. Páìpù tó wà ní stóò kì í ṣe iṣẹ́ tó parí, páìpù tó wà nínú ilẹ̀ tí wọn kò tíì dán wò náà kò tíì parí tán.

Ìdánwò: ọjọ́ tí òtítọ́ ń jáde

Tí o bá lè wà níbì kan ṣoṣo nínú oṣù 6 yìí, wà níbi ìdánwò páìpù. Nǹkan bí ìlọ́po kan àtààbọ̀ ipá tí páìpù máa fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n sábà fi ń dán an wò: tó bá jẹ́ bar 6 (bar ni wọ́n fi ń wọn ipá omi), wọ́n á gbé e dé bar 9.

Kọnkéré àtìlẹ́yìn ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ní gbogbo ibi tí páìpù ti yà àti ní òpin rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí: níbi tí páìpù 160 mílímítà ti yà ní ìgun 90, bí ipá omi bá jẹ́ bar 10, omi á máa fi agbára tó súnmọ́ tọ́ọ̀nù 3 ti ibẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà kò lè dì í mú. Kọnkéré náà gbọ́dọ̀ ti gbẹ, ọjọ́ 7 ó kéré tán, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn ti ilẹ̀ tí wọn kò gbẹ́ rí. Bí wọ́n bá fi iyẹ̀pẹ̀ dí ààlà tó wà láàárín, òun àti ohun tí kò sí kò yàtọ̀.

Ibi tó rẹlẹ̀ jù ni wọ́n ti ń da omi sí i, díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè jáde lókè. Géèjì náà, ibi tó rẹlẹ̀ jù ni kó wà. Mítà 10 ní gíga jẹ́ nǹkan bíi bar 1, ẹni tó bá gbé géèjì sókè á rò pé ipá kò tíì pé, á tún fa sókè, ìsàlẹ̀ á sì bẹ́. Jẹ́ kí omi wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 24, kí ìdánwò gidi tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fún iye wákàtí tí ìwé àdéhùn bá sọ, máa wọn omi tí wọ́n ń fi kún un kí ipá lè dúró. Kọ ohun tí géèjì sọ ní ìṣẹ́jú 15-15, ìwọ fúnra rẹ, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀.

Bó bá ń wálẹ̀, má sáré sọ pé ó ń jò. Tí ó bá jẹ́ HDPE (páìpù ike tó ṣeé tẹ̀), páìpù náà fúnra rẹ̀ máa ń fẹ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ipá á sì wálẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ń fa omi púpọ̀ wọlé tí géèjì kò tètè gòkè, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀; wá fáàfù afẹ́fẹ́ tó wà lókè. Tó bá ń wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà láìdúró, nígbà náà ló ń jò, ojú ìsopọ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò: iyanrìn tó há sábẹ́ rọ́bà, tàbí páìpù tí kò wọlé dé àmì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi afẹ́fẹ́ dán páìpù wò dípò omi. Páìpù tó bá bẹ́ pẹ̀lú omi á tú omi jáde. Èyí tó bá bẹ́ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ á fò bí ìbọn.

Bó bá yege, ó ku kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi kiloríìnì pa kòkòrò inú rẹ̀. Páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní 150 mílímítà, tó gùn ní mítà 500, ń gba nǹkan bíi lítà 8,840. Tí wọ́n bá ní mílígíráàmù 50 fún lítà kọ̀ọ̀kan, gíráàmù 442 kiloríìnì ni. Ṣùgbọ́n HTH, ẹ̀lú kiloríìnì tó wà lọ́jà, kì í ṣe kiloríìnì pọ́ńbélé. Bí ike rẹ̀ bá kọ ìdá 65, gíráàmù 680 lo máa wọ̀n. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà nìyẹn. Lẹ́yìn wákàtí 24, wọ́n á fọ̀ ọ́ jáde, wọ́n á sì gbé omi lọ fún àyẹ̀wò. E. coli gbọ́dọ̀ jẹ́ 0 nínú mílílítà 100 kí wọ́n tó so ó mọ́ ilé ẹnikẹ́ni. Omi kiloríìnì líle yẹn, ẹ má tú u tààrà sí gọ́tà tó wọ ọ̀sà. Àwọn apẹja ń jẹ nínú omi yẹn.

Logbook àti àwòrán ìkẹyìn

Ojoojúmọ́ ni kí o kọ logbook, kí ọ̀gá rẹ fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Má jẹ́ kó di oṣù kan kí o tó máa rántí. "Mo lọ sí sáìtì, mo wo bí wọ́n ṣe ń to páìpù" kò sọ nǹkan kan. Kọ ọ́ báyìí: "Páìpù uPVC 160, láti mítà 240 sí 294. Jíjìn 0.95. Òjò dá iṣẹ́ dúró láti aago 1 sí 3. Kò sí ìdérí ẹnu páìpù, mo sọ fún fóòmàn." Fi ọwọ́ yàwòrán kékeré sí i. Olùkọ́ tó bá wá bẹ̀ ọ́ wò máa ṣí àárín ìwé náà, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí o lọ, gbé Form 8, fọ́ọ̀mù ITF fún ìparí iṣẹ́, jáde, torí ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i lè wà lẹ́nu ìsinmi.

Fi ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn ṣe àwòrán bí iṣẹ́ ṣe parí gan-an. Lọ sí ìdí fáàfù kọ̀ọ̀kan. Wọn ìjìnnà rẹ̀ sí nǹkan méjì tí kò ní kúrò, igun ilé méjì tàbí igun ilé kan àti òpó iná: "mítà 4.30 sí igun ṣọ́ọ̀ṣì, mítà 7.15 sí igun fẹ́ǹsì ilé ìwé". Kọ bó ṣe jìn sílẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n ń yí i kó tó tì pátápátá, àti ọ̀nà tí wọ́n ń yí i sí. Tí wọ́n bá da ọ̀dà sórí títì lọ́dún tó ń bọ̀, ìdérí rẹ̀ á bò mọ́lẹ̀. Lóru ọjọ́ tí páìpù bá bẹ́ sí iwájú ilé àwọn èèyàn, ìwọ̀n méjì yẹn ni wọ́n máa fi mọ ibi tí wọ́n á gbẹ́. Fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì iṣẹ́ náà, kí o sì mú ọ̀gá àwọn tó ń tún páìpù ṣe lọ fi ọwọ́ kan fáàfù náà kí o tó dágbére.